Ta Ni Ó Ni Ojú Yìí?

Bí ẹ bá lè ka gbólóhùn yìí tán láìsí pé ẹnì kan dì yín lọ́wọ́ mú, a bá yín yọ̀. Ẹ ti kúrò ní ẹni tí ń kọ́ A, B, D. Ó tó àkókò kí ẹ máa ka ohun tí yóò ṣe yín ní àǹfààní.

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwòrán ọba ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ọba? Èmi kò jẹ oyè." Ẹ fara balẹ̀. Kí a tó parí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ óò rí i pé ó kan ògiri ilé yín gan-an.

ÀWÒRÁN TÓ WÀ LÁRA ÒGIRI

Bí a bá wọ yàrá ní Ìdí-Àràbà, tàbí ní Mushin, tàbí ní Surulere, kí ni a sábà máa ń rí lára ògiri? A ó rí kàlẹ́ńdà. A ó rí fọ́tò ìgbéyàwó. A ó rí fọ́tò bàbá tàbí ìyá onílé, òmíràn ti pọ́n nítorí ó ti pẹ́. Nínú ilé mìíràn, a ó tún rí àwòrán ọba ìlú tí onílé ti wá: bóyá Aláàfin, bóyá Ọọ̀ni, bóyá Awùjalẹ̀, bóyá Ọba Èkó.

Ẹ wo bí ọba náà ṣe jókòó. Ó kọjú sí wa gan-an. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, aṣọ rẹ̀ sì bo àga. Ẹ wá wo fọ́tò bàbá yín àgbà. Ṣé ẹ ò rí i pé ìjókòó wọn jọra? Nígbà tí àgbàlagbà ilẹ̀ wa bá lọ sí ilé fọ́tò, kì í jókòó wúrúkú. Bí ẹni tó ní ilé, tó ní ọmọ, tó ní orúkọ ni ó ń jókòó. Ohun tí àwòrán ọba ń sọ nípa ọba, òun náà ni bàbá wa fẹ́ kí fọ́tò sọ nípa òun.

Nítorí náà, àwòrán ọba kì í ṣe kí a lè mọ bí imú ọba ti rí nìkan. Ó ń sọ irú ènìyàn tí ọba jẹ́, àti irú ojú tí àwọn ará ìlú fi ń wò ó. Àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́, kí ẹ̀rọ fọ́tò tó dé ilẹ̀ wa.

ORÍ IDẸ TÍ A HÚ NÍ ILÉ-IFẸ̀

Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, irin wọn kan nǹkan líle. Orí ènìyàn tí a fi idẹ ṣe ni. Wọ́n tún gbẹ́, wọ́n tún rí òmíràn. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, àwọn orí tí wọ́n rí ti ju méjìlá lọ.

Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ọdún 1930 ni ó jọba, ó sì wà lórí oyè títí di 1980. Ààfin rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn orí náà dé. Ṣùgbọ́n àwọn kan kúrò nílẹ̀ wa. Ọ̀kan dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní, nínú British Museum. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ William Bascom mú méjì lọ sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá wọn padà ní 1950. Ní 1953, ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin láti dáàbò bo irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1954, wọ́n ṣí ilé tí a ń kó wọn sí, èyí tí a ń pè ní músíọ̀mù, ní Ilé-Ifẹ̀.

Báwo ni àwọn orí náà ti rí? Wọ́n tóbi tó orí ènìyàn gan-an, tàbí kí wọ́n kéré sí i díẹ̀. Ètè wọn, etí wọn, ojú wọn, gbogbo rẹ̀ rí bí ti alààyè. Ẹni tó bá wò wọ́n lójijì, ó lè rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín láti iwájú orí dé àgbọ̀n, àwọn kan kò sì ní ìlà rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó yẹ̀ wọ́n wò sọ pé wọ́n ti tó ọdún 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

BÍ WỌ́N ṢE ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí àwọn oníṣẹ́ idẹ ṣe ń ṣe irú orí báyìí, nítorí iṣẹ́ ọgbọ́n ni.

Lákọ̀ọ́kọ́, oníṣẹ́ á fi amọ̀ mọ orí kan, kì í ṣe èyí tó dán. Ó kàn jẹ́ inú rẹ̀ ni. Nígbà tó bá gbẹ, á fi ìda bò ó. Ìda yìí ni ohun rírọ̀ tí a ń rí nínú afárá oyin. Lára ìda yìí ni oníṣẹ́ ti ń ṣe ojú, imú, ètè àti ìlà, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jọ ẹni tó fẹ́ kí ó jọ.

Lẹ́yìn èyí, á tún fi amọ̀ bo ìda náà, á sì fi ihò sílẹ̀. Nígbà tó bá gbé e sí iná, ìda á yọ́, á sì ṣàn jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni oníṣẹ́ yóò da idẹ gbígbóná sí. Bí idẹ bá ti tutù, á fọ́ amọ̀ òde kúrò. Ohun tí ó fi ìda ṣe ti di idẹ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè lo ìda kan. Bí idẹ kò bá dé gbogbo ibi tó yẹ, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, a óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbà sì tún le ju idẹ lọ láti dà. Síbẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì dára. Ẹni tó bá lè ṣe èyí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì.

OHUN TÍ ÀWỌN ORÍ NÁÀ Ń SỌ

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe orí? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí orí jẹ́ fún Yorùbá. Orí ni olórí ara. Ohun tí a bá yàn ní ọ̀run, orí ni ó gbé e wá sáyé. Bí nǹkan bá dára fún wa, a ní orí wa ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe orí ọba, ó ti ṣe ohun tó ga jùlọ lára ọba.

Ní 1957, wọ́n rí àwọn ère idẹ mìíràn ní Ìta Yemòó, ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọba tó dúró ní odindi, tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ kan, tó sì mú ìwo lọ́wọ́ kejì. Bí ẹ bá wo ère yìí, ẹ óò rí i pé orí rẹ̀ tóbi ju bí orí ènìyàn ti ń rí lọ. Orí ènìyàn gidi, bí a bá to méje rẹ̀ lé ara wọn, ó tó ìdúró ènìyàn. Ṣùgbọ́n orí ère yìí, mẹ́rin péré ló tó. Àbí oníṣẹ́ kò mọ iye ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó lè ṣe ètè àti etí tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣìnà nínú èyí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ mú kí orí tóbi ni, kí a lè mọ ibi tí agbára ọba wà.

Ẹ tún wo ojú wọn. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, kò sí ìbínú, kò sí ìbẹ̀rù. Ojú ẹni tó ní sùúrù ni. Ohun tí ìlú ń fẹ́ lára ọba nìyẹn: kí ó gbọ́ tẹnu oníwá, kí ó gbọ́ tẹnu ọlọ́yìn, kí ojú rẹ̀ má sì yí padà.

Ohun kan ṣì wà níbẹ̀ tó yani lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba tó dé adé ìlẹ̀kẹ̀ kì í fi ojú rẹ̀ hàn gbangba. Ìlẹ̀kẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ láti ara adé, á bo ojú rẹ̀. Lára adé náà fúnra rẹ̀ ni a máa ń rí ojú tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Ìyẹn ni pé ojú adé ni ará ìlú ń rí, kì í ṣe ojú ẹni tó dé e. Ọba tòní lè wàjà, òmíràn á jẹ, ṣùgbọ́n ojú adé kò yí padà. Àwọn orí Ifẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, àwọn kan ní ihò ní etí irun, àwọn kan ní i ní ẹnu àti àgbọ̀n. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń so adé mọ́, tàbí irùngbọ̀n, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú.

ORÚKỌ TÍ Ó SỌNÙ

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa ní ìbéèrè tó wà ní òkè ìwé yìí. Ta ni ó ni ojú yìí?

Bí a bá mú orí kan nínú àwọn tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, tí a béèrè pé, "Ọba wo nìyí? Ìgbà wo ló jẹ? Kí ni oníṣẹ́ tó ṣe é ń jẹ́?", kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ojú wà, orúkọ kò sí. Imú rẹ̀ kò bàjẹ́, ètè rẹ̀ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tí a ń wò. Ẹni tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún nígbà ayé rẹ̀, a kò lè pe orúkọ rẹ̀ mọ́.

Kí ló fà á? Àwọn baba wa kì í kọ ìwé. Ẹnu ni wọ́n fi ń tọ́jú orúkọ, nínú oríkì àti ìtàn. Ẹnu sì lágbára, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò lágbára. Ẹ wo ohun méjì yìí. Ìbòjú kan wà tí wọ́n fi bàbà ṣe, Ọbalùfọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ọọ̀ni àtijọ́ kan ni Ọbalùfọ̀n, òun ni ìtàn sì so iṣẹ́ idẹ mọ́ ní Ifẹ̀. Orí kan sì wà tí wọ́n fi amọ̀ ṣe tí wọ́n sun níná, Lájùwà ni wọ́n ń pè é. Ìtàn ní ìránṣẹ́ ààfin ni Lájùwà, pé nígbà tí Ọọ̀ni wàjà, ó fi ikú náà pa mọ́, ó sì gorí ìtẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kí ló dé tí a fi mọ orúkọ méjì yìí, tí a kò mọ ti àwọn yòókù? Ohun tí wọ́n sọ ni pé méjì yìí kò wọ inú ilẹ̀ rí. Inú ààfin ni wọ́n wà láti ìran dé ìran. Bí bàbá ti ń fi han ọmọ, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ inú ilẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn tó mọ̀ wọ́n ti lọ tipẹ́.

Ẹ wo Ìdí-Àràbà tiwa yìí. Ilé ìwòsàn ńlá, títì àti ọjà ni a ń rí lónìí, ṣùgbọ́n nígbà gbogbo tí a bá pe orúkọ ibẹ̀, a ń pe igi àràbà. Ohun tí a bá ń pe orúkọ rẹ̀ kì í tètè gbàgbé.

NÍGBÀ TÍ ÀLEJÒ BÁ WÁ SỌ ÌTÀN FÚN WA

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ṣe nǹkan ńlá. Ní 1910, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó rí ère amọ̀, ó sì rí orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní Olókun. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ló mú ọgbọ́n náà wá, láti Atlantis, ìlú kan tí wọ́n ní ó rì sínú òkun.

Ẹ ò rí nǹkan? Ará Ifẹ̀ wà níbẹ̀, amọ̀ Ifẹ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ àlejò gbé iṣẹ́ bàbá wa fún ìlú tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Lónìí, kò sí ọ̀mọ̀wé gidi kan tó tún ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ tí wọ́n sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ti rí i pé ará Ifẹ̀ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ayé tó gbà. Bí oníṣẹ́ kan bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn orí kan ṣoṣo, ẹjọ́ náà ì bá ti parí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE ṢE É NÍ ÍŃDÍÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ òkèèrè kan wé tiwa, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa sí i.

Ní Íńdíà, àwọn ọba Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n ń pè ní Mughal. Àwọn náà fẹ́ràn àwòrán ọba. Ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe idẹ, kì í sì í ṣe ohun ńlá. Inú ìwé ni wọ́n ń yà á sí, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbé e sórí itan wò ó. Wọ́n á fi òkúta dídán ha bébà títí yóò fi máa dán. Wọ́n á lọ òkúta aláwọ̀ kúnná láti fi ṣe ọ̀dà. Wọ́n á lo wúrà. Búrọ́ọ̀ṣì wọn tín-ín-rín gan-an, irun ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Tiwa kọjú sí wa. Tiwọn sábà máa ń kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ojú kan ṣoṣo ni a ń rí. Tiwa fi orí ńlá sọ agbára ọba; tiwọn a máa ya ìmọ́lẹ̀ roboto bí oòrùn sí ẹ̀yìn orí ọba. Ọ̀nà yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: èyí kì í ṣe ẹni lásán.

Ọ̀kan nínú àwọn ọba náà ni Akbar, tó jọba láti 1556 títí di 1605. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu. Ọba ńlá yìí kò mọ̀wé kà. Jahangir, ọmọ rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó kọ. Àwọn ẹlòmíràn ló ń ka ìwé sí Akbar létí. Síbẹ̀, ó mọ iyì ìwé àti àwòrán. Ó jókòó kí wọ́n ya òun, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ya gbogbo àwọn ìjòyè rẹ̀, kí wọ́n kó àwòrán wọn jọ sínú ìwé ńlá kan. Abu'l-Fazl, akọ̀wé rẹ̀, sọ pé nípa bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti kú tún yè, àwọn tó wà láàyè kò sì ní parun.

Nígbà tí Jahangir gorí ìtẹ́ ní 1605, òun mọ̀wé kà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Kí ló ṣe? A máa mú kálámù, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ara àwòrán pé, àwòrán lágbájá nìyí, lágbájá ló yà á. Ọmọ rẹ̀, Shah Jahan, náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ronú sí i: ọba fúnra rẹ̀ ń kọ orúkọ ayàwòrán! Nígbà tó sì ń bọ̀ nínú ọdún 1613, Jahangir rán ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Bishandas lọ sí Páṣíà, kí ó lọ ya ọba ibẹ̀ wá, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń mú àwòrán jọ ènìyàn tó o.

Àwòrán Jahangir kan wà ní Washington, ní Amẹ́ríkà, lónìí. Ní nǹkan bí 1615 sí 1618 ni wọ́n yà á. Jahangir jókòó sí òkè, ó ń fi ìwé lé àlùfáà àgbà kan lọ́wọ́. Ní ìsàlẹ̀, ọba ilẹ̀ Tọ́kì dúró, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Kìíní, sì dúró, àwọn méjèèjì ń retí. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere: ènìyàn Ọlọ́run ni ọba yìí kọ́kọ́ dá lóhùn, kì í ṣe àwọn ọba ayé. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ayàwòrán ya ara rẹ̀ sí. Bichitr ni orúkọ rẹ̀. Báwo ni a ṣe mọ̀? Ó kọ ọ́ sí ara àpótí ìtìsẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọba. Ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọba, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí orúkọ òun sọnù.

Ẹ wá fi méjèèjì wéra. Iṣẹ́ Ifẹ̀ kò kéré sí ti Íńdíà. Idẹ sì lágbára ju bébà lọ. Bébà lè jóná, ikán lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bébà ní orúkọ lára, idẹ kò ní. Nítorí náà a mọ Jahangir bí ẹni mọ aládùúgbò, a kò sì mọ ọba tó jẹ ní Ilé-Ifẹ̀, tó jẹ́ tiwa.

ÀWỌN TIWA TÓ TI MÚ KÁLÁMÙ

Kì í ṣe pé a dúró sójú kan. Ní Èkó níbí, Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní 1882, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà ya ojú ènìyàn nígbà tí àwọn kan ṣì ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe é. Ní 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ní 1920, ó ya ti Dókítà Sápárà. Ó kú ní 1963, ṣùgbọ́n a mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ẹni tó yà, a sì mọ ọdún tó yà á.

Ben Enwonwu, ọmọ Ìgbò, ni wọ́n gbà láyè láti ṣe ère Ọbabìnrin Elizabeth, lẹ́yìn tí ọbabìnrin náà wá sí Nàìjíríà ní 1956. Òun kan náà ló ya ọmọ ọba Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì, ní 1973 àti 1974. Ó pe àwòrán náà ní "Tutu". Lẹ́ẹ̀mẹta ló yà á, ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí wọ́n wọlé sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2017, wọ́n rí ọ̀kan nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onílé kò mọ̀ pé ohun iyebíye ni. Nígbà tí wọ́n tà á ní 2018, owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Àwòrán náà ti sọnù, ṣùgbọ́n orúkọ kò sọnù, nítorí náà nígbà tó jáde, a mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Ọ̀rọ̀ wa ti dé ara ògiri ilé yín báyìí. Ẹ lọ wo fọ́tò bàbá tàbí ìyá yín àgbà. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé nǹkan wà níbẹ̀? Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí ọmọ ọmọ yín bá mú un dání, ta ni yóò sọ fún un ẹni tí ó ń wò? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n lè má sí níbẹ̀. Fọ́tò tí kò ní orúkọ dà bí orí Wúnmọníjẹ̀: ojú wà, ẹnu kò sọ̀rọ̀.

Ẹ ti mọ̀wé kọ. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí ẹ̀yìn fọ́tò náà:

1. Orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.
2. Ìlú rẹ̀ àti agboolé rẹ̀.
3. Ọdún tí wọ́n yà á. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ "nǹkan bí" síwájú rẹ̀.
4. Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà: ìgbéyàwó, oyè, ìsọmọlórúkọ.
5. Orúkọ ẹni tó ya fọ́tò náà, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Òun náà ṣiṣẹ́.

Lẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì rọra kọ ọ́, nítorí bíro lè la fọ́tò já sí iwájú. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìkọ, ẹ ṣáà mọ òwe wa pé òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà. Bí fọ́tò bá wà nínú fóònù, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì wá owó tẹ díẹ̀ nínú wọn sórí bébà, nítorí fóònù a máa sọnù, a sì máa bàjẹ́. Bí àwọn àgbà ilé bá wà láàyè, ẹ jókòó tì wọ́n lónìí, kí ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ. Ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀la.

Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ àwọn baba wa lójú ara rẹ̀, kò jìnnà. Láti Ìdí-Àràbà, ẹ wọ ọkọ̀ dé Ojúẹlẹ́gba, kí ẹ wọ òmíràn lọ sí Obalende, kí ẹ sì béèrè Oníkàn. Níbẹ̀ ni músíọ̀mù ìjọba wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ti Bìní àti ti Nok wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Bí ẹ bá dúró níwájú ère kan, ẹ wo páálí kékeré tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ èdè Òyìnbó, ẹ óò lè ka orúkọ ìlú, ẹ óò sì lè ka ọdún. Níbi tí orúkọ ọba bá yẹ kí ó wà tí ẹ kò rí i, ẹ óò mọ ìdí rẹ̀, ẹ óò sì lè sọ ọ́ fún ọmọ yín.

ÌBÉÈRÈ

1. Ní ọdún wo ni wọ́n hú àwọn orí idẹ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀?
2. Kí ló dé tí oníṣẹ́ Ifẹ̀ fi mú kí orí ère ọba tóbi?
3. Kí ló fà á tí a fi mọ orúkọ Lájùwà, tí a kò mọ ti àwọn orí tí wọ́n hú?
4. Níbo ni Bichitr kọ orúkọ rẹ̀ sí?
5. Mú fọ́tò kan nínú ilé rẹ. Kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ẹni tó wà nínú rẹ̀.